Chin-up tàbí pull-up: èwo ni kí n gbájú mọ́ kí ẹ̀yìn mi lè lágbára?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ọdún 27 ni mí, kílò 78 ni mo wọ̀n. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, èjìká mi sì ti ń tẹ̀ síwájú. Ní oṣù tó kọjá mo ní kí wẹ́dà àdúgbò wa bá mi ri òpó méjì mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí ó fi páìpù dábùú wọn lókè. Irin ti dúró. Bí mo ṣe máa dì í mú ló kù.

Bí mo bá kọ àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ara mi, ìyẹn chin-up, mo lè fa ara mi sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mo bá yí ọwọ́ padà tí àtẹ́lẹwọ́ kọ iwájú, ìyẹn pull-up, mi ò lè fa ẹyọ kan parí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ sí jímù ní chin-up kì í ṣe ti ẹ̀yìn rárá, pé ti apá ni, pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yìn gan-an ni mo fẹ́ kó le.

Ará Ìjẹ̀bú

Pull-up ni o. Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́. Nígbà tí mò ń ṣe chin-up, apá mi ló ń ro mí lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí mo yí ọwọ́ padà ni mo tó mọ̀ pé mo ní ẹ̀yìn. Má wẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ pull-up lónìí.

Olùkọ́ Eré, Abẹ́òkúta

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ará Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ lọ títí dé òpin. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré ìdárayá, ìbéèrè yìí kì í sì í tán lẹ́nu wọn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi iṣan náà hàn ọ́ lára rẹ. Jókòó ti tábìlì, gbé ìgúnpá òsì lé e, kí o fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹran tó wà lẹ́yìn abíyá òsì mú. Wàyí o, fi ìgúnpá yẹn tẹ tábìlì mọ́lẹ̀ gidi. Ṣé o rí i bí ẹran náà ṣe le gan-in? Òun ni àwọn ọmọ jímù ń pè ní lats. Láti egungun ẹ̀yìn nísàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ó gba ìhà gòkè, ó wá kó ara rẹ̀ jọ lábẹ́ abíyá kí ó tó lẹ̀ mọ́ iwájú egungun apá nítòsí èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni láti fa apá tó wà lókè wálẹ̀ sí ara. Bí ọwọ́ bá wá di irin mú, tí irin ò sì ní yẹ̀, ara ló máa gòkè lọ bá ọwọ́.

Nínú chin-up, ìgúnpá rẹ wà níwájú, iwájú náà ló sì ti ń bọ̀ wálẹ̀ sí egungun ìhà. Nínú pull-up, ìgúnpá là sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bọ̀ wálẹ̀. Lats mọ ọ̀nà méjèèjì. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n lẹ ẹ̀rọ pẹ́pẹ̀pẹ́ mọ́ awọ ara àwọn tó ń ṣe méjèèjì, èyí tó ń ka bí iṣan kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Lats ṣiṣẹ́ gan-an nínú méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀ tó tó gbé sọ. Biceps, ìyẹn iṣan iwájú apá tó ń ká ìgúnpá, àti iṣan àyà ṣiṣẹ́ nínú chin-up ju nínú pull-up lọ. Iṣan kan tó wà láàárín ẹ̀yìn, tó ń fa egungun pẹlẹbẹ èjìká wálẹ̀, ṣiṣẹ́ nínú pull-up ju nínú chin-up lọ.

Nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ rí ìdajì ọ̀rọ̀. Apá ń ṣe púpọ̀ nínú chin-up lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí apá ṣe kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.

O lè béèrè pé kí ló dé tí biceps fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sí ọ. Iṣẹ́ biceps kì í ṣe kíká apá nìkan, òun náà ló ń yí ọwọ́ kí àtẹ́lẹwọ́ lè wo òkè. Fi ọwọ́ ọ̀tún yí kọ́kọ́rọ́ sí apá ọ̀tún, fi ọwọ́ òsì kan biceps rẹ, wàá rí i tó ń mira. Bí o bá yí ọwọ́ sí ti pull-up, okùn iṣan yẹn á wé mọ́ egungun ọwọ́, agbára rẹ̀ á dín kù, àwọn iṣan mìíràn tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ á wá gba ẹrù náà. Ìdí nìyẹn tí o fi lè ṣe chin-up mẹ́ta tí o kò sì lè ṣe pull-up kan.

Ìdáhùn mi: chin-up ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn tí a fà sókè lẹ́ẹ̀méjìlá lọ́sàn-án kan ti ṣiṣẹ́ ju ẹ̀yìn tó ń fi ẹsẹ̀ ta afẹ́fẹ́ lábẹ́ irin, tí àgbọ̀n rẹ̀ kò sì dé òkè. Tí o bá ti lè ṣe márùn-ún sí mẹ́jọ tó mọ́, pull-up á ti sún mọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ará Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, sà. Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo ṣe é báyìí, mo sì rí i. Àmọ́ kí ló dé tí mi ò fi ń mọ ẹ̀yìn mi lára nígbà tí mò ń ṣe chin-up nígbà náà?

Olùkọ́ Eré, Abẹ́òkúta

Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé o kì í na apá tán. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì, wọ́n á tún fà á sókè. Ìdajì òkè yẹn ni apá ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí apá ti nà gbọnrangandan, ni ẹ̀yìn ti máa ń gba iṣẹ́. Kó tó di pé o ká ìgúnpá rárá, kọ́kọ́ fa èjìká kúrò lẹ́bàá etí, bí ẹni pé o fẹ́ fi egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ni kí o máa fa ìgúnpá wálẹ̀. Má ronú pé ò ń gbé àgbọ̀n lọ sókè, ronú pé ò ń fi ìgúnpá gún ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ kú àlàyé, sà. Èmi fẹ́ sọ fún àwọn tí kò lè ṣe ẹyọ kan nínú méjèèjì, torí ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn obìnrin pọ̀ níbí tí wọ́n ń kà tí wọn ò sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún 38 ni mí, mo ti bí ìbejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ irin, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ni ọwọ́ mi fi dì í mú kó tó jábọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mọ́ ọn lásán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí mo fi pé ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé àpótí ìdáná sí abẹ́ irin. Màá gun àpótí, màá di irin mú bíi ti chin-up pẹ̀lú àgbọ̀n lókè irin, màá yọ ẹsẹ̀, màá wá máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kíka márùn-ún. Iṣan lágbára láti tú ẹrù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe lágbára láti gbé e sókè lọ, nítorí náà ẹni tí kò lè gòkè lè sọ̀kalẹ̀. Mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe é lójoojúmọ́ o, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn máa ń jẹ́ kí ara ro èèyàn gidi.

Ohun kejì tó ràn mí lọ́wọ́: mo ra tíúbù táyà àlòkù lọ́wọ́ fọkanáísà, ó gé e sí gbọọrọ fún mi. Mo fi kọ́ irin, mo ki orúnkún bọ inú rẹ̀. Ó ń gbé mi díẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tó ti le jù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lójoojúmọ́ bóyá ó ti ń ya, torí bó bá já, ojú ni yóò fi na èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló gbà mí kí n tó ṣe chin-up àkọ́kọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Màmá mi tó ń wò mí ní kí ló dé, mo ní kò sí. Nígbà èwe wa ní ilé bàbá mi, kànga ni a ti ń fa omi, okùn gígùn, ọwọ́ kan lórí ọwọ́ kejì. Màmá mi ti lé ní 70, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà ju tèmi lọ. Mo máa ń rò ó pé okùn yẹn ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ kú ìrọ́jú o.

Wẹ́dà Ọjà-Ọba

Ẹni tó ni irin, fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó máa sọ ti iṣan lọ. Ṣé wọ́n fi kọnkéré di ẹsẹ̀ òpó? Tí ó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lásán ni wọ́n fi dì í, òjò méjì á mì í. Gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Páìpù tí ọwọ́ máa dì kò gbọ́dọ̀ nípọn jù, mílímítà 28 sí 32 ló dára. Bó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìka á tú kí ẹ̀yìn tó rẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún níbi tí ọwọ́ ń dé, ọ̀dà tó ń dán máa ń yọ̀ tí ọwọ́ bá làágùn. Kí ìwọ àti ẹnì kan tó tóbi jù ọ́ lọ jọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Kọnkéré ni, bọ̀dá. Àmọ́ wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Màá fi pépà yanrìn ha á.

Ará Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí pé mo jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, chin-up nìkan ni mò ń ṣe, ogójì, àádọ́ta lójúmọ́, láìsinmi. Lóṣù kẹta, inú ìgúnpá mi lápá ibi tí ọmọńdinrín wà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kó pẹ́, mi ò lè gbé kẹ́tù omi gbígbóná. Oṣù márùn-ún ni mo fi sinmi. Chin-up dára, ṣùgbọ́n irin tó tọ́ gbọnrangandan máa ń fi agbára yí ọrùn ọwọ́ síta, gbogbo ọwọ́ kọ́ ló sì lè gbà á.

Ohun tó gbà mí ni irin tí èèyàn lè dì mú kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú síra wọn. Ibi tí mò ń lọ ni ọgbà ìgbafẹ́ Langdon Park ní Poplar, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ní 2017 ni wọ́n gbé irin ìdárayá kalẹ̀ síbẹ̀, ọ̀bẹ tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìgboro ni wọ́n yọ́ láti fi ṣe é. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin náà kí n tó rọ̀ mọ́ ọn. Irin tó ti fẹ́ gba ẹ̀mí ni àwọn ọmọ wa ń fi kọ́ ara wọn báyìí.

Oníṣègùn Iṣan, Òṣogbo

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan ni mò ń ṣe, irú ìgúnpá Ará Peckham sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi dáadáa. Okùn tó so iṣan mọ́ egungun kì í tètè lágbára bí iṣan fúnra rẹ̀. Iṣan á ti ṣe tán ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, okùn á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ìyára iṣan sáré, okùn ló máa fi sanwó. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ kí èèyàn máa pààrọ̀ ọwọ́: chin-up lọ́jọ́ kan, pull-up tàbí àtẹ́lẹwọ́-kọjú-síra lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ti pull-up, èjìká ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má la ọwọ́ síta jù pẹ̀lú èrò pé ẹ̀yìn á fẹ̀ sí i. Kí ọwọ́ ju èjìká lọ díẹ̀, ó tó. Ẹ má sì fa ara yín kí irin kan ẹ̀yìn ọrùn, èjìká kò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ọ: o ní èjìká rẹ ń tẹ̀ síwájú. Lats tí gbogbo wa ń yìn yìí wà lára àwọn iṣan tó ń yí apá sínú. Bí o bá ṣe chin-up àti pull-up nìkan, ẹ̀yìn rẹ á lágbára, ṣùgbọ́n èjìká yẹn lè má padà sẹ́yìn. O nílò fífà tó lọ láti iwájú sẹ́yìn. So ọ̀pá irin kan mọ́ àwọn òpó rẹ ní ìwọ̀n ìbàdí, dùbúlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí gìgísẹ̀ rẹ wà nílẹ̀, kí ara rẹ nà bíi pákó, kí o wá fa àyà rẹ lọ bá irin. Ìwọ̀nyẹn ló ń jí àwọn iṣan àárín ẹ̀yìn. Kí o sì máa dìde lórí àga yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí ọwọ́ bá ń kú tipiri, tàbí tí ìka bá ń jó ẹnikẹ́ni bí iná, kó dá a dúró kó lọ rí oníṣègùn. Kó má ṣe béèrè lórí ayélujára.

Ọmọ Houston

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà níbí. Nínú ìdánwò ara wọn, tí èèyàn bá mú pull-up, wọ́n gbà kó di irin mú bó ṣe wù ú, àtẹ́lẹwọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ohun tí wọn kì í gbà ni kí apá má nà tán nísàlẹ̀, kí àgbọ̀n má kọjá irin, tàbí kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ jù ara rẹ̀ sókè. Ìyẹn bá ọ̀rọ̀ Olùkọ́ mu.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe tò ó lọ́sẹ̀?

Olùkọ́ Eré, Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Ajé: chin-up méjì, sinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí o tún ṣe méjì, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mo mọ̀ pé o lè ṣe mẹ́ta. Fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ara lójoojúmọ́, òun ló máa bí ìkẹrin. Ọjọ́rú: gun àpótí, sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ pull-up bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí o wá ṣe ti irin ìbàdí tí Oníṣègùn wí, mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì: padà sí chin-up. Bí ara bá ti gbà á, fi ẹyọ kan kún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Jẹun dáadáa, ẹ̀wà àti ẹyin kò wọ́n jù fún ẹni tó ń kọ́ ara. Lọ́jọ́ tí o bá lè ṣe mẹ́wàá tó mọ́, ki omi lítà méjì sínú àpò ìgbékẹ́yìn kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti iye kékeré.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀. Lánàá mo ṣe chin-up méje láìsinmi, apá nà tán. Mo sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, mo yí ọwọ́ padà, mo ṣe pull-up méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé òkè, ṣùgbọ́n àgbọ̀n mi kọjá irin. Ìgúnpá kò dùn mí. Mo pàdánù ọ̀sẹ̀ kan nítorí ibà. Irin ìbàdí ni mo rò pé ó ṣe mí lóore jù, ní ọ́fíìsì wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo ga sí i ni. Mo ti gbé fídíò rẹ̀ sókè fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ọmọ mi! O kú iṣẹ́, o kú orí ire. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Olùkọ́ Eré, Abẹ́òkúta

O ṣeun tí o padà wá sọ fún wa. Mo wo fídíò náà. Nínú pull-up kejì, èjìká òsì rẹ sún lọ sí etí kí ọ̀tún tó sún, ara rẹ sì yí díẹ̀. Má fi kún iye rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀. Rọ̀ mọ́ irin pẹ̀lú apá nínà, fa èjìká méjèèjì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dúró kíka mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Kí o wá ya fídíò láti ẹ̀yìn, kí n lè rí egungun pẹlẹbẹ méjèèjì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo ti gbọ́, sà. Ọjọ́ Ajé ni màá yà á.